Iṣu Sàfíyá àti Àjàrà Adélímò

Montepẹ́rò, Ítálì
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, 2025

Àsísátù àbúrò mi,

Àlàáfíà fún ọ, àti fún gbogbo agbo ilé wa ní Rore. Mo dé láyọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kò já, bó o ṣe sunkún tó pé yóò já. Bílíkísù ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Ó ní òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé, òun yóò ya fọ́tò rẹ̀, òun yóò fi ránṣẹ́ sórí fóònù Kálílù olùkọ́, kí Kálílù wá kà á sí ọ létí. Má sọ pé kí n gbé fóònù sétí. Fóònù ló sọ fún mi lóṣù kejìlá pé Sàfíyá ìyàwó mi ti kú sí ọsibítù ní Ìlọrin. Láti ìgbà náà ni èmi àti fóònù ti parí ọ̀rọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ ni ti àká. Èèbù iṣu tí Sàfíyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ibi tó kó wọn sí ni kí wọ́n wà. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn àká náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi níbí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè wọ́n, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé wọn láti igun kan sí igun kejì. Mo mọ ohun tí o máa sọ. Má sọ ọ́.

Ìlú tí Bílíkísù mú mi wá yìí wà lórí òkè téńté. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé, òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà, odi òkúta sì yí i ká. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń wá lókè. Ó ní ogun ló lé wọn débẹ̀, ó ti tó ẹgbẹ̀rin ọdún. Àwọn baba tiwa náà gun òkè nígbà ogun, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá dáko. Ó jọ pé kò tíì sí ẹni tó sọ fún àwọn wọ̀nyí pé ogun ti parí. Èèyàn ò lè lọ ra iyọ̀ lásán kí orúnkún rẹ̀ má ké. Àwọn ará ibòmíì sì ń wá wò wọ́n. Wọ́n á ya fọ́tò ògiri, wọ́n á ya fọ́tò ológbò, wọ́n á lọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Gbogbo oko tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, iṣu ni. Wọ́n ri ọ̀pá sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó tọ́ bí ìlà inú ìwé, ìtàkùn sì ń gun ọ̀pá lọ. Mi ò mọ̀ pé òyìnbó ń gbin iṣu. Bílíkísù ní kì í ṣe iṣu, ó ní àjàrà ni, pé èso rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì. Mo ní kó kọ ohun tí mo sọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó kúrò lóko lọ sí Èkó, kí ló mọ̀ nínú iṣu? Ta ló máa ń ri ọ̀pá fún ohun tí kò ní nǹkan nísàlẹ̀? Àṣìṣe wọn kan ṣoṣo ni pé wọn kò kọ ebè. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n gbìn ín sí. Àánú wọn ń ṣe mí.

Bá mi kí gbogbo ilé. Má fọwọ́ kan àká.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Hàmídù


Rore
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹrin, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Kálílù ló ń bá mi kọ ọ́, ó ní kí n rọra máa sọ̀rọ̀, òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Ara gbogbo wa le. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Iná kò sí láti ọjọ́ Jímọ̀, fóònù Kálílù sì kú, ìdí nìyẹn tí èsì yìí fi pẹ́.

Ẹ ní kí n má sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́. Èèbù Sàfíyá ti ń hù. Mo yọjú láti ihò atẹ́gùn tó wà lára ògiri àká, ọ̀mùnú wọn ti gùn tó apá mi, wọ́n ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Ẹ jẹ́ kí n gbìn wọ́n. Ilẹ̀ tó fi gbin ti èṣí ṣì wà níbẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, wọ́n á ti rà, ẹ ó sì wá bá òórùn lásán nínú àká. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí nǹkan rẹ̀ rí?

Ní ti iṣu òyìnbó, mo sọ ọ́ lọ́jà Òmù-Àrán, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlárónkẹ́ tó ń ta ata ní òun ti rí àjàrà nínú tẹlifíṣọ̀n, pé òkè ló ń so sí bí ìlẹ̀kẹ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi lè má mọ ohun mìíràn láyé yìí, ó lè má mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iṣu. Ẹ má dójú tì mí. Irú iṣu wo ni? Ṣé ó ṣe é gún? Ẹ mú èèbù rẹ̀ bọ̀ fún mi.

Bílíkísù, jọ̀wọ́, wá oúnjẹ tí bàbá rẹ lè jẹ.

Èmi àbúrò yín,
Àsísátù


Montepẹ́rò
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, 2025

Àsísátù,

Mo kí ọ, mo kí Kálílù. Ìwé rẹ dé, Bílíkísù sì kà á. Ibi tí o ti sọ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ìdí.

Ọ̀rọ̀ àká, rárá. Jẹ́ kí wọ́n máa hù. Ọwọ́ Sàfíyá ló kàn wọ́n kẹ́yìn, ọwọ́ mìíràn kò tún ní kàn wọ́n.

Ẹni tó ni ilé tí Bílíkísù háyà, òun náà ló ni oko ìsàlẹ̀ yẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Adélímò. Mo bi Bílíkísù bóyá àwọn òbí rẹ̀ ti gbé Ìlá rí, ó ní rárá, orúkọ wọn níbí ni. Arúgbó bíi tèmi ni, ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í kí èèyàn. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni a jọ ń jókòó sí ní gbàgede, àwa àti àwọn bàbá mẹ́ta mìíràn. Wọ́n á máa sọ tiwọn, èmi náà á máa sọ tèmi. Ó tù mí lára ju kí n wà láàárín àwọn tó gbọ́ èdè mi lọ, nítorí kò sí ẹni tó ń sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù.

Lánàá, Bílíkísù mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ilé àlejò ni, ibẹ̀ ni àwọn àjèjì ti ń tọ́ wáìnì wò. Wọ́n ní yàrá ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀, tó tutù bí inú àmù, àgbá onígi kún inú rẹ̀. Àgbá kan ga jù mí lọ. Wọ́n bu wáìnì sínú ife, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé e sókè wò ó bí ẹni tó ń wá kòkòrò nínú omi, wọ́n wá dà á sẹ́nu. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí mi ò fẹ́ máa wo ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí mo tún máa wò, gbogbo wọn ti ń tu ú sínú korobá. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n ti ronú pìwà dà lójú mi. Mo ní, "Àlùhámúdù lílàhí." Bílíkísù fà mí jáde. Ó ní bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò nìyẹn, pé èyí tí wọ́n tu dànù yẹn náà ni wọ́n máa rà. Àsísátù, èèyàn tu nǹkan dànù, ó tún fowó rà á lọ sílé.

O béèrè irú iṣu tó jẹ́. Mi ò tíì mọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìdí rẹ̀, ó ki tó itan mi. Tiwa kì í ki ju ìka ọwọ́ lọ. Tí ìdí rẹ̀ bá lè ki báyìí, a jẹ́ pé iṣu ti wà nísàlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó wa á. Ọ̀lẹ ni wọ́n. Bílíkísù ń mi orí bó ṣe ń kọ ọ́.

Hàmídù


Rore
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àlejò ìlú òkè. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, Kálílù ní ọwọ́ ń dun òun.

Mo sọ fún Ọlárónkẹ́ pé ìdí iṣu náà ki tó itan yín. Ó ní itan yín kò tó nǹkan mọ́, pé láti ìgbà tí Sàfíyá ti lọ ni ẹ kì í ti í jẹun. Ọ̀rọ̀ ti di ìjà láàárín àwa méjèèjì, ìsọ̀ aláta ti pín sí méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wa ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé, ẹ gé iṣu kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ dá erùpẹ̀ padà kó lè ta èèbù. Ìtàkùn kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Kí Bílíkísù ya fọ́tò iṣu náà ránṣẹ́, kí n gbé e fún Ọlárónkẹ́ wò.

Ọ̀mùnú inú àká ti gba ihò atẹ́gùn yọ síta. Mi ò ní kí ẹ ṣe nǹkan kan. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Àsísátù


Montepẹ́rò
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún, 2025

Àsísátù, o kú o. O ti kó mi sí wàhálà.

Mo ṣe bí o ti wí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bílíkísù ti lọ síbi iṣẹ́, mo lọ yan èyí tí ìdí rẹ̀ ki jù, tó dá dúró lẹ́bàá ògiri ilé Adélímò. Ẹ̀ka rẹ̀ rí wúruwùru, kò sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Mo ní èyí tí wọ́n ti pa tì ni kí n wa, kó má baà di ẹjọ́. Ọkọ́ Adélímò wà lára ògiri. Ẹ̀rú ọkọ́ wọn gùn bí ẹni pé wọ́n ń bẹ̀rù ilẹ̀. Mo la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wa ilẹ̀ kan orúnkún, gbòǹgbò ni. Mo wa á kan itan, gbòǹgbò ni. Nǹkan líle kan wá gbá ọkọ́, mo ní orí iṣu rè é. Mo gé e. Gbòǹgbò ni. Àsísátù, kò sí iṣu níbẹ̀. Igi ni.

Bí mo ṣe gbé orí sókè, Adélímò ló dúró tì mí. Ó wo ihò náà, ó wò mí, ó wo ọkọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́.

Nígbà tí Bílíkísù dé, ó káwọ́ lórí. Ó ní nínú gbogbo àjàrà tó wà ní Montepẹ́rò, èyí tí ìyàwó Adélímò gbìn ní ọ̀sẹ̀ tó wọlé ọkọ ni mo lọ wa ìdí rẹ̀. Obìnrin náà kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, Adélímò kò jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn án. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti gé ẹ̀ka rẹ̀, ó lé wọn. Ìdí nìyẹn tó fi rí wúruwùru.

Mo ní kí ló dé tí kò fi ọgbà yí i ká, kí àlejò lè mọ̀? Mo ní ìwà òmùgọ̀ ni, kí àgbàlagbà máa ṣọ́ ohun ọ̀gbìn tó ń bàjẹ́ lọ nítorí obìnrin tó ti kú. Bílíkísù gbé bírò sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní kí ló ń wò, kó máa kọ. Kò kọ. Ó ń wò mí ṣáá títí omi tíì rẹ̀ fi hó dànù.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí Kálílù gbé fóònù rẹ̀ lọ síbi ihò atẹ́gùn àká, kó ya fọ́tò inú rẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ rí bí èèbù yẹn ṣe rí báyìí. Mo kàn fẹ́ wò wọ́n ni. Lónìí ni kó yà á.

Má sọ ọ̀rọ̀ gbòǹgbò fún Ọlárónkẹ́.

Hàmídù


Montepẹ́rò
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2025

Àsísátù,

Mi ò kí ọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, mi ò rí fọ́tò, mi ò rí ìwé. Bílíkísù pe Kálílù, Kálílù ní o kò sí nílé. Ó tún pè é, ó ní ara rẹ kò yá. Ó tún pè é, ó ní ìlú Bàbáńlá ni òun ń lọ. Olùkọ́ ni, kò mọ irọ́ pa. O ti jẹ iṣu ìyàwó mi. Tí o bá ti jẹ ẹ́, sọ pé o ti jẹ ẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ná, kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Nílé wa, ẹni tó bá ṣẹ àgbà kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀, ó máa ń ní àwọn tí yóò sìn ín lọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ta ni mo ní ní Ítálì? Mo lọ bá àwọn bàbá mẹ́ta orí bẹ́ǹṣì. Mo ju ọwọ́ sí wọn, wọ́n dìde. Bílíkísù ní òun ti ṣàlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ọ̀kan nínú wọn rò pé ibi ìjẹun là ń lọ, nítorí ó gbé ìgò wáìnì dání. A pàdé àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́nà, òun náà tẹ̀lé wa. A tò gun àtẹ̀gùn lọ sílé Adélímò, mo kó orógbó tí mo mú wá láti ilé dání.

Mo ti ní kí Bílíkísù kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ orí rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Nítorí náà, bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn, mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí òkúta. Adélímò fi igbe ta. Ó rò pé mo ṣubú, pé ọkàn mi ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn bàbá mẹ́ta bò mí. Ọ̀kan ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù mi, ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè, àlùfáà sì ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà ẹni tó ń kú lọ lé mi lórí. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ta ló gbọ́? Bílíkísù tó yẹ kó sọ fún wọn, ẹ̀rín ti pa á, ó di ògiri mú. Ẹni tó gbé ìgò dání la ẹnu mi, ó da wáìnì sí i.

Àsísátù, ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mo ti ń sá fún ọtí. Mo tu ú. Mo tu ú fìì, ó balẹ̀ sórí bàtà àlùfáà.

Adélímò wò mí, ó wo bàtà àlùfáà, ó sọ nǹkan kan, àwọn tó kù sì bú sẹ́rìn-ín. Bílíkísù ní ohun tó sọ ni pé òun kò tíì rí àlejò tó mọ wáìnì tọ́ wò tó mi. Òun náà wá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo fún un ní orógbó. Ó gé e jẹ, ojú rẹ̀ fún pọ̀, omi jáde lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tu ú. Mo mọ̀ nígbà náà pé ọmọlúàbí ni.

Lẹ́yìn náà, ó mú mi lọ síbi àjàrà ìyàwó rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ibi tí mo gé. Ó bá Bílíkísù sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, Bílíkísù sì yíjú sí mi.

"Bàbá, ó ní kò ní kú. Ó ní bí ìyàwó òun bá rí bí òun ṣe jẹ́ kó dà báyìí, òun gan-an ni obìnrin náà ì bá fi ọkọ́ yẹn lé kiri ìlú, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó wá yọ ọ̀bẹ lápò, ó gé ẹ̀ka gbígbẹ kan. Ó gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́, mo gé ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ìrun Àìlá fi tó. Bílíkísù ní kí n jẹ́ kí òun kọ ọ́ pé mo sunkún. Mo ní kó kọ ọ́ pé eruku wọ ojú mi.

Àsísátù, gbìn wọ́n. Tí ohunkóhun bá ṣẹ́kù nínú àká, já àgádágodo yẹn, kó wọn jáde, gbìn wọ́n. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Kọ ebè ńlá, má kọ ebè ọ̀lẹ. Fi koríko bo orí ebè kí oòrùn má jó wọn. Ri ọ̀pá fún wọn, kó ga.

Tó bá sì jẹ́ pé o ti jẹ wọ́n, sọ fún mi bí wọ́n ṣe dùn tó.

Hàmídù


Rore
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹsẹ̀ yín ni mo dì mú. Kálílù ní òun kò ní bá mi parọ́ mọ́, ó ní òun ti lọ sí Bàbáńlá láì dìde lórí àga.

Mi ò fi fọ́tò ránṣẹ́ nítorí kò sí nǹkan kan nínú àká tí Kálílù lè yà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé yín lọ sí Àbújá, kí eruku ọkọ̀ náà tó rọlẹ̀ ni mo ti ṣí ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni àgádágodo yẹn ní. Ọ̀kan wà lọ́rùn yín. Sàfíyá fi èkejì lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Ìlọrin. Ó ní, "Mo mọ Bàbá Bílíkísù. Ó máa jókòó ti iṣu yìí títí á fi rà. Má bá a jà o. Kọ́kọ́ wá bó ṣe máa kúrò nílé."

Ẹ rò pé Bílíkísù ló dédé pè yín wá sí Ítálì? Ẹ bi í bó ṣe ń ka ìwé yìí.

Irọ́ ni ọ̀mùnú tí mo ní ó yọ níhò atẹ́gùn. Mo fẹ́ kí ẹ fi ẹnu ara yín ní kí n gbìn wọ́n ni, kí n lè sọ lọ́jọ́ kan pé ẹ̀yin lẹ ní kí n gbìn wọ́n. Ẹ pẹ́ jù. Wọ́n ti gun ọ̀pá báyìí. Fọ́tò wọn ni Kálílù fi tẹ̀lé ìwé yìí.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo sè. Orí rẹ̀ ti fẹ́ bàjẹ́ ni. Ẹ ní kí n sọ bó ṣe dùn tó: ó dùn gan-an.

Ọlárónkẹ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ gbòǹgbò. Kálílù ló sọ fún un, kì í ṣe èmi. Ó ní kí n kí yín kú iṣẹ́ oko.

Àsísátù


Montepẹ́rò
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, 2025

Àsísátù olè,

Mo kí ọ báyìí. Bílíkísù ka ìwé rẹ. Mo ní kó tún ibi tí Sàfíyá ti sọ̀rọ̀ kà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo wá bi í bóyá lóòótọ́ lẹ jọ dìtẹ̀ mọ́ mi. Ó ní ẹ̀wà òun ń jóná. Kò sí ẹ̀wà lórí iná.

Mo ti wo fọ́tò. Ọ̀pá rẹ kúrú, ẹsẹ̀ ebè kẹta sì wọ́. Tí mo bá dé lẹ́yìn Iléyá, èmi ni mo máa tún ọ̀pá náà ri. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ, má dá a padà fún mi. Ẹni tó fún ọ mọ ohun tó ń ṣe.

Mo gbé fọ́tò náà fún Adélímò wò lórí bẹ́ǹṣì. Ó wò ó títí, ó bi Bílíkísù irú àjàrà wo nìyẹn. Mo ní kó sọ fún un pé iṣu ni, pé abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Adélímò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń gbin àjàrà, pé kò sí ẹni tó máa ri ọ̀pá fún ohun tí kò ní so lókè. Ó ní ẹ̀ka rẹ̀ ló pọ̀ jù, ó yẹ kí á ti gé e.

Mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀, ó sì ti gbà. Tó bá kórè tirẹ̀ tán, lóṣù kọkànlá, á wá bá wa ní Rore. Kó tó dé, kó gbogbo ọ̀bẹ ilé wa pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Hàmídù